Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ojú Yín Rí ppGpp Lẹ́nu Iṣẹ́: Ìdánwò Mẹ́ta Lórí Bakitéríà Tí Ebi Ń Pa

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún bakitéríà. Nígbà tí oúnjẹ bá ṣàdédé tán, kì í jókòó kí okun inú rẹ̀ máa gbẹ títí yóò fi dákú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti ṣe mólékù kékeré kan tó ń ta gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì lólobó pé ìyàn ti dé: ẹ dẹ́kun kíkọ́ ilé tuntun, ẹ tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀. Guanosine tetraphosphate ni mólékù náà, ppGpp ni a máa ń kọ. Òun kan náà ló ń ran ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lọ́wọ́ láti fara pamọ́ sínú ara, tí oògùn á fi kọjá lára wọn bí ẹni tí kò rí wọn.

Ìlànà yìí wà fún yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ tó ní irinṣẹ́ tí a fi ń hu bakitéríà. Escherichia coli K-12, tí kì í kó àrùn bá ènìyàn tí ara rẹ̀ dá, ni a ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi kòkòrò àrùn gidi dán an wò. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí ló hàn kedere lára K-12.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò

Ní ọdún 1969, Michael Cashel àti Jonathan Gallant fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán sàmì sí bakitéríà tí ásíìdì amínò ti wọ́n fún. Wọ́n rí àbàwọ́n méjì lórí àwo kromatográfì tí wọn kò retí, wọ́n sì pè wọ́n ní àbàwọ́n idán. ppGpp ni ọ̀kan, pppGpp ni èkejì.

Ẹ́ńsáìmù méjì ni E. coli fi ń darí rẹ̀. RelA ń ṣọ́ ríbósóòmù, ilé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì. Nígbà tí tRNA tí kò gbé ásíìdì amínò kankan bá wọlé síbẹ̀, bí alágbàṣe tó dé ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo, RelA á mú fọ́sífétì méjì lára ATP, á sì so wọ́n mọ́ GDP tàbí GTP. SpoT ní tirẹ̀ ní ọwọ́ méjì. Ọwọ́ kan ń ṣe ppGpp díẹ̀ nígbà tí ṣúgà, irin tàbí ọ̀rá bá wọ́n. Ọwọ́ kejì ń tú ppGpp ká nígbà tí nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè yọ jíìnì spoT nìkan kúrò: RelA á máa ṣe ppGpp, kò ní sí ẹni tí yóò tú u ká, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní lè dàgbà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yà tí kò ní ppGpp rárá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ relA kí ó tó yọ spoT.

Nínú E. coli, ppGpp máa ń lẹ̀ mọ́ RNA polymerase, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ RNA láti ara jíìnì, purotéènì kan tó ń jẹ́ DksA sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Kíkọ rRNA, ìyẹn RNA ríbósóòmù, á lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, jíìnì tó ń pèsè ásíìdì amínò á sì jí. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kó èyí lọ sára gbogbo bakitéríà. Nínú Bacillus àti Staphylococcus, polymerase kọ́ ni ppGpp ń dì mú. GTP inú sẹ́ẹ̀lì ló ń mú kéré, ibẹ̀ ni àyípadà tó kù ti ń wá.

Ẹ̀yà tí ẹ ó béèrè fún

Ẹ̀yà mẹ́ta láti inú ìdílé MG1655, ọ̀kan lára àwọn K-12, ló tó. CF1648 ni odindi, kò sí ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. CF1652 kò ní relA. Jíìnì tó ń gbógun ti kanamycin, oògùn apakòkòrò kan, ni wọ́n fi dípò rẹ̀. CF1693 kò ní relA, kò ní spoT, ó ń gbógun ti kanamycin àti chloramphenicol, kò sì ní ppGpp kankan. Nínú ìlànà yìí, a ó máa pè wọ́n ní odindi, aláìní-relA, àti aláìní-ppGpp.

Ẹ má ṣe fi DH5α ṣe odindi nítorí pé òun ló wà nínú fìríìjì yín. Relaxed ni DH5α fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé RelA rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ: ó ní àyípadà relA1. Àìmọye ìdánwò lórí ebi ló ti bàjẹ́ nítorí ẹni tó ṣe é kò wo ohun tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀yà tó ń lò.

Bí ẹ bá ti gba àwọn ẹ̀yà náà, ẹ tọ́jú wọn lọ́jọ́ náà gan-an sínú glycerol ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ní −80°C. Inú ìgò àtètèkọ́ṣe yìí ni kí ẹ ti máa mú u nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe máa gbé aláìní-ppGpp láti àwo dé àwo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nínú ìdánwò kìíní.

Omi oúnjẹ

M9, omi oníyọ̀ tí kò ní ásíìdì amínò kankan, ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí. Fún lítà kan: Na₂HPO₄ tí kò ní omi nínú, 6 g; KH₂PO₄, 3 g; NaCl, 0.5 g, NH₄Cl, 1 g. Ẹ sè é nínú ọ́tókléèfù ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ jẹ́ kí ó tutù títí ọwọ́ yóò fi lè gbà á, kí ẹ tó fi 2 ml MgSO₄ 1 M, 0.1 ml CaCl₂ 1 M àti 20 ml glucose ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àìlábààwọ́n. Bí ẹ bá da magnesium àti calcium sínú rẹ̀ kí ẹ tó sè é, wọ́n á dì mọ́ fọ́sífétì, omi á sì funfun bí omi ẹ̀kọ. Kò wúlò mọ́ nìyẹn: magnesium tí bakitéríà nílò ti rì sí ìsàlẹ̀, OD (bí omi ṣe rú tó, tí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀n) tí ẹ ó sì kà kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì.

Fún àwo, ágà 15 g sí lítà kan. Ẹ ṣe oríṣi mẹ́rin:

- LB lásán, oúnjẹ tí ásíìdì amínò ti pọ̀ nínú rẹ̀.
- M9 pẹ̀lú glucose.
- M9 pẹ̀lú glucose àti casamino acids (àdàlù ásíìdì amínò) ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún.
- SMG, ìyẹn M9 pẹ̀lú glucose, tí ẹ fi serine, methionine àti glycine sí, 100 µg ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 1 ml.

Ẹ má fi oògùn apakòkòrò kankan sí àwọn àwo wọ̀nyí. Inú omi LB tí ẹ fi ń jí ẹ̀yà náà dìde ni oògùn wà fún: kanamycin 50 µg/ml fún aláìní-relA àti aláìní-ppGpp, chloramphenicol 20 µg/ml fún aláìní-ppGpp nìkan.

Ìdánwò kìíní: ta ni ó lè dá ṣe oúnjẹ ara rẹ̀?

Ẹ hu ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú 5 ml LB di ọjọ́ kejì, ní 37°C, kí ẹ̀rọ máa mì wọ́n ní 200 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Lówùúrọ̀, ẹ bu 1 ml ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i nínú sẹntirífúùjì títí yóò fi rì. Ẹ da omi orí nù. Ẹ fi M9 tí kò ní glucose fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Fífọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fo, òun ló sì ń ba ìdánwò jẹ́: ìwọ̀nba LB tó bá kù lára sẹ́ẹ̀lì tó láti fún aláìní-ppGpp ní oúnjẹ fún ìran mélòó kan, yóò wá dà bíi pé ó lè dá dúró.

Ẹ mú gbogbo wọn dé OD600 1.0. Ẹ bù wọ́n là ní ìlọ́po 10 lẹ́ẹ̀mẹfà, 20 µl sínú 180 µl nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Ẹ kán 5 µl ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó dojú àwo délẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn sí 37°C. Ẹ wò wọ́n ní wákàtí 24, ẹ tún wò wọ́n ní wákàtí 48.

Lórí LB, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á hù. Lórí M9 tó ní glucose nìkan, odindi àti aláìní-relA á hù, aláìní-ppGpp kò ní hù, nítorí ó nílò ju ásíìdì amínò kan lọ tí kò lè pèsè láìsí ìtanilólobó yìí. Jíìnì tí yóò fi pèsè wọn wà lára rẹ̀ pé pérépéré. Àṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kò dé. Lórí M9 tó ní casamino acids, yóò hù padà. Àwo SMG ló ń ya odindi sọ́tọ̀ kúrò lára aláìní-relA: ásíìdì amínò mẹ́ta yìí, nígbà tí wọ́n bá dé láìsí àwọn tó kù, ń da ìpèsè isoleucine, ásíìdì amínò mìíràn, rú. Odindi á tún ilé ara rẹ̀ tò, aláìní-relA kò ní rí i ṣe.

Bí ẹ bá fi aláìní-relA tó hù lórí M9 wé aláìní-ppGpp tí kò hù, ẹ ti fi ojú rí iṣẹ́ SpoT. Ìwọ̀nba ppGpp tí òun nìkan ń ṣe tó fún ìgbésí ayé ojoojúmọ́; RelA ni ẹni tí a ń ké sí nígbà tí ìyàn bá ṣàdédé dé.

Ní wákàtí 48, ẹ ó rí kọ́lónì kọ̀ọ̀kan tó yọ níbi tí sẹ́ẹ̀lì aláìní-ppGpp ti pọ̀ jù lórí M9. Ẹ má gbà pé ẹ ṣe àṣìṣe. Àyípadà ti ṣẹlẹ̀ nínú rpoB, rpoC tàbí rpoD wọn, àwọn jíìnì tó ń pèsè apá RNA polymerase, polymerase wọn ti ń ṣe bí ẹni pé ppGpp wà lára rẹ̀. Wọ́n máa ń yọ dáadáa, ìdí sì nìyí tí ẹ̀yà yìí kò fi ṣeé gbé kiri láti àwo dé àwo. Tí aláìní-ppGpp yín bá hù bí odindi lórí M9 ní wákàtí 24, ohun tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò náà mọ́. Ẹ padà sí −80°C.

Ìdánwò kejì: fífi valine fa ìyàn, kí ẹ sì wọn RNA

K-12 ní àbùkù kan tó ṣe wá lóore. Jíìnì ilvG rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà bí valine, tí òun náà jẹ́ ásíìdì amínò, bá pọ̀ nínú omi rẹ̀, valine á dí ọ̀nà tí ó fi ń ṣe isoleucine. Ẹ kò nílò kẹ́míkà olówó gọbọi láti pa á lébi.

Ẹ hu odindi àti aláìní-relA sínú M9 pẹ̀lú glucose di ọjọ́ kejì, kí ara wọn ti mọ omi náà. Lówùúrọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ 60 ml tuntun fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láti OD600 0.02. Nígbà tí ó bá dé 0.2, ẹ pín in sí ìgò mẹ́ta, 20 ml ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò kìíní ni ìfiwéra, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ fi 0.5 ml valine 20 mg/ml sí ìgò kejì àti ìkẹta, tí yóò fi súnmọ́ 0.5 mg/ml. Ní ìṣẹ́jú 60, ẹ fi 0.5 ml isoleucine 20 mg/ml sí ìgò kẹta. Ẹ ka OD ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí ìgò kúrò lórí ẹ̀rọ tí ń mì pẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá wọ́n tàbí bí omi bá tutù, ìdàgbà á falẹ̀, ẹ ó sì máa pe òtútù ní ebi.

OD nìkan kò ní sọ òótọ́ fún yín níbí. Kò sí isoleucine, kò sí purotéènì, yálà ppGpp wà tàbí kò sí, nítorí náà ẹ̀yà méjèèjì ni ìdàgbà wọn á dẹ̀rọ̀. Inú RNA ni ìyàtọ̀ wà. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún RNA sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti ríbósóòmù, èyí tí ppGpp ń dá dúró.

Ẹ bu 1.5 ml ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30 àti 60 lẹ́yìn valine. Ẹ yí i títí yóò fi rì, ẹ da omi orí nù, kí ẹ gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sórí yìnyín. Ẹ fi HClO₄ (perchloric acid) 0.1 M tó tutù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi 300 µl KOH 0.3 M sí i, kí ó wà ní 37°C fún wákàtí kan, kí ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ń gé RNA wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ṣùgbọ́n kì í gé DNA. Ẹ fi 100 µl HClO₄ 3 M dá a dúró. Ohun funfun kan á yọ, potassium perchlorate ni. Ẹ yí i, ẹ gba omi tó tòrò. Ẹ fi 550 µl HClO₄ 0.5 M fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pa gbogbo omi náà pọ̀ di 1.5 ml. Ẹ ka A260 rẹ̀ (bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ 260 nm sínú tó), ẹ fi 31 sọ ọ́ di púpọ̀: máíkírógíráàmù RNA nínú 1 ml omi bakitéríà nìyẹn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Perchloric acid ń ran iná lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ sórí igi, aṣọ tàbí bébà.

RNA odindi á dúró sójú kan kété lẹ́yìn valine. Ti aláìní-relA á ṣì máa gòkè, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní oúnjẹ ọ̀la ń ṣe RNA ríbósóòmù tí kò lè lò. Àwọn onímọ̀ ń pe ìwà odindi ní líle, ti aláìní-relA ní dídẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ relA ti wá. Nínú ìgò kẹta, odindi á tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí isoleucine bá dé, aláìní-relA á pẹ́ kó tó gbéra.

Ìdánwò kẹta: ìdí tí oògùn fi ń kọjá lára ẹni tó jókòó

Ampicillin kì í fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì bí òkò. Ó ń da àwọn tó ń mọ ògiri náà rú ni, títí ògiri á fi ya lábẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbòòrò. Bí kò bá sí ẹni tó ń mọ ògiri, kò sí iṣẹ́ tí yóò bàjẹ́.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ odindi àti aláìní-relA nínú M9 pẹ̀lú glucose títí dé OD600 0.2. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ fi valine 0.5 mg/ml sí ìdajì kan fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ampicillin 100 µg/ml sí gbogbo ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ka OD ní ìṣẹ́jú 15-15 fún wákàtí mẹ́ta. Ní wákàtí 0, 1, 2 àti 3, ẹ bu 1 ml, ẹ fi M9 tí kò ní glucose fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ampicillin lè kúrò, ẹ bù ú là, kí ẹ tẹ́ 100 µl sórí LB. Àwo tó ní kọ́lónì 30 sí 300 nìkan ni kí ẹ kà.

Nínú ìgò tí ebi kò sí, omi tó rú á bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò, nítorí sẹ́ẹ̀lì ń bẹ́. Odindi tí ebi ń pa kò ní bẹ́: ppGpp ti dá mímọ ògiri dúró. Aláìní-relA tí ebi ń pa ni kí ẹ tẹjú mọ́. Òun náà kò rí purotéènì ṣe, síbẹ̀ ó ṣì ń mọ ògiri, ampicillin á sì bá a níbẹ̀. Ebi kan náà ló dé bá àwọn méjèèjì, oògùn kan náà ni wọ́n mu. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ ló yè.

Ẹ mú kọ́lónì díẹ̀ lára àwọn tó yè, ẹ hù wọ́n, kí ẹ tún fi ampicillin dán wọn wò. Bí wọ́n bá kú bíi ti àkọ́kọ́, ìfaradà ni: wọ́n kàn jókòó de oògùn náà ni. Bí wọn kò bá kú mọ́, àyípadà jíìnì ti wọlé, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ẹ má ṣe kọ èsì kankan sílẹ̀ láìṣe ìgbésẹ̀ yìí.

Ohun méjì ló máa ń da ìdánwò yìí rú. Àkọ́kọ́ ni ampicillin tó ti pẹ́, tí agbára rẹ̀ ti lọ. Bí odindi tí ebi kò pa kò bá kú, oògùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìkejì léwu jù, fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ bakitéríà. Ní ọdún 2018, wọ́n fa ìwé ìwádìí olókìkí méjì sẹ́yìn, méjèèjì lórí bí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ṣe ń yè lọ́wọ́ oògùn, tí ọ̀kan nínú wọn so ó mọ́ ppGpp, nítorí fáírọ́ọ̀sì φ80 ti wọ inú ẹ̀yà tí wọ́n lò. Fáírọ́ọ̀sì ló ń pa púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kà mọ́ oògùn. Ẹ yẹ tiyín wò: ẹ sẹ́ omi bakitéríà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú asẹ́ 0.22 µm, kí ẹ kán 5 µl omi tó tòrò sórí àwo tí ẹ ti da odindi bò. Bí ojú ihò tó mọ́ bá yọ lọ́jọ́ kejì, ẹ da gbogbo ẹ̀yà ọ̀hún nù, ẹ nu ibi iṣẹ́, kí ẹ sì tún béèrè fún tuntun.

Ibi tí èyí ti kan àìsàn

Ohun tí ẹ rí nínú ìgò ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Salmonella Typhimurium tí kò ní ppGpp kò lè fi bẹ́ẹ̀ pa eku mọ́, nítorí mólékù yìí wà lára ohun tó ń jí àwọn jíìnì tí ó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, tí ó sì fi ń gbé níbẹ̀. Legionella ń lò ó láti mọ̀ pé oúnjẹ ti tán nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé. Nígbà náà ni yóò ṣe ohun ìlúwẹ̀ẹ́, tí yóò sì jáde lọ wá ilé mìíràn. Mycobacterium tuberculosis tí wọ́n yọ Rel rẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó fi ń ṣe ppGpp, ń bẹ̀rẹ̀ àrùn nínú eku, kò kàn lè fara dà á pẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ̀ wá lára jù lọ, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù láti wò, bakitéríà tó sì ti dákẹ́ wà lára ìdí rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá oògùn tí yóò dí Rel fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n gbé Relacin jáde, mólékù kan tí wọ́n ṣe ní àwòrán ppGpp. Ó dá ìṣeèso Bacillus dúró, ìyẹn bí ó ṣe ń sọ ara rẹ̀ di kóró líle (spore) nígbà ìyàn, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà lè kọ fún aláìsàn kò tíì jáde láti ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kó gbogbo àwo àti omi bakitéríà sínú ọ́tókléèfù ní 121°C fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dà wọ́n nù. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń gbé jíìnì tó ń gbógun ti kanamycin àti chloramphenicol kiri, kò sì yẹ kí ọ̀kankan nínú wọn bá omi gọ́tà jáde. Omi tó ní perchloric acid kò gbọ́dọ̀ dé inú ọ́tókléèfù rárá: inú ìgò gíláàsì tirẹ̀ ni kí ó wà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì fi lé àwọn tó ń kó kẹ́míkà nù lọ́wọ́.